Ọgbà Kew, Àwọn Àkókò Ọdún Rẹ̀, àti Orúkọ Àwọn Igi Wa

Ẹni tí ó bá wọ inú ọgbà ńlá ní ìgbà tí òdòdó tú, ẹwà ni ó rí. Kò rí àwọn ọwọ́ tí ó ti walẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ka orúkọ igi lára pátákó kékeré tí a fi sí ìdí rẹ̀: kò rí ẹni tí ó kọ́kọ́ mọ igi náà, kò sì gbọ́ orúkọ tí àwọn onílé ti ń pè é kí àlejò tó dé. Nítorí ohun méjèèjì yìí ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọgbà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé wa yìí, tí ó jẹ́ ti ìtàn ilẹ̀ Yorùbá. Kew ni orúkọ ọgbà náà. Òkèèrè ni ó wà. Ṣùgbọ́n àwọn igi kan ti apá ilẹ̀ wa lọ síbẹ̀, àwọn ènìyàn kan sì ti ibẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa, ìtàn wọn sì kan olúkúlùkù ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní ìwé.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ọgbà Náà

Etí odò Thames ni Kew wà, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1759, Augusta, ẹni tí ọmọ rẹ̀ gorí oyè ní ọdún tí ó tẹ̀lé e tí a sì pè é ní Ọba George Kẹta, ya nǹkan bí éékà 9 sọ́tọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀ fún gbígbin oríṣiríṣi ewé àti egbò. William Aiton ni ó fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀. Ní ọdún 1762, William Chambers parí ilé gogoro kan síbẹ̀, alájà mẹ́wàá, ní àṣà àwọn ará Ṣáínà; ó wà níbẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí ìyá Ọba kú ní 1772, Ọba fi ìmọ̀ràn ọgbà náà lé Joseph Banks lọ́wọ́, ẹni tí ó ti bá ọ̀gá ọkọ̀ James Cook yí ayé ká. Banks kò fẹ́ kí ọgbà náà jẹ́ ibi ìnajú Ọba nìkan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rán àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sí ilẹ̀ jíjìn láti wá irúgbìn. Ní ọdún 1820 òun àti Ọba kú, ọgbà náà sì rẹ̀yìn fún ogún ọdún. Ní 1840 a gbà á kúrò lọ́wọ́ ààfin, ó di ti ìjọba. Ní 1841 a fi William Hooker ṣe olórí rẹ̀. Òun ni ó ṣí ẹnu ọ̀nà fún gbogbo ènìyàn, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú aya àti ọmọ wọn fi lè máa rìn níbi tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ ọba nìkan tẹ́lẹ̀. Joseph ọmọ rẹ̀ ni ó jẹ oyè náà lẹ́yìn rẹ̀ ní 1865. Lónìí, ilẹ̀ ọgbà náà ju 300 éékà lọ.

Ọdún Nínú Ọgbà

Ọdún àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò rí bí tiwa. Àwa mọ ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú ọyẹ́ tí ó máa ń fẹ́. Àwọn pín tiwọn sí mẹ́rin: ìgbà òtútù, ìgbà ìrúwé, ìgbà ooru, àti ìgbà ìwọ́wé. Kí òye ọgbà náà lè yé wa, ó yẹ kí a tẹ̀lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin.

Ní ìgbà òtútù, láti oṣù Ọ̀pẹ títí dé Èrèlé, ọ̀pọ̀ igi dúró láìsí ewé kan lórí. Ẹni tí kò mọ̀ yóò wí pé wọ́n ti kú. Ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ àwọn olùtọ́jú pọ̀. Nígbà tí ewé kò bo igi ni a ń rí bí ẹ̀ka rẹ̀ ti tò, nítorí náà ìgbà náà ni a ń gé èyí tí ó ti bàjẹ́. A sì ń yí òkìtì ewé jíjẹrà padà kí ó lè di ilẹ̀dú. Láàárín òtútù yìí ni òdòdó funfun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní snowdrop ti ń yọ láti inú ilẹ̀, tí ó sì ń tẹrí ba bí ọmọ tí ń kí àgbà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni crocus, aláwọ̀ àlùkò àti funfun, ń bo pápá bí ẹni pé a tẹ́ ẹní sórí rẹ̀. Ìdí wọn dàbí àlùbọ́sà. Ìgbà ìwọ́wé ni a ti ń rì wọ́n mọ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú irú òdòdó bẹ́ẹ̀ kò ní tú dáadáa bí òtútù kò bá kọ́kọ́ mú wọn. Ohun tí àlejò rò pé ó ń pa wọ́n, òun ni ó ń jí wọn.

Nígbà tí ìgbà ìrúwé dé, àwọn igi magnolia a máa tú òdòdó kí ewé wọn tó yọ. Ní ìparí oṣù Igbe títí wọ inú Èbìbí, ilẹ̀ igbó kékeré kan a di aláwọ̀ búlúù fún òdòdó tí a ń pè ní bluebell. Igbó náà yí ilé kan ká tí ó ti jẹ́ ti aya Ọba George Kẹta. Ọbabìnrin Victoria ni ó fi í fún gbogbo ènìyàn ní 1898, pẹ̀lú àdéhùn pé kí a má ṣe sọ ọ́ di ọgbà títún ṣe, kí a jẹ́ kí ó dúró bí igbó. Nítòsí ibẹ̀ ni àfonífojì kan wà tí àwọn ọmọ-ogun gbẹ́ ní 1773. Ibẹ̀ ni a gbin àwọn igi rhododendron sí, tí òdòdó wọn pupa fòò. Nínú irú wọn ni èyí tí Joseph Hooker kó ní orí òkè Himalaya láàárín 1847 àti 1851.

Ní ìgbà ooru, ìtànná ọgbà kún. Láti ọdún 2016 ni bèbè òdòdó méjì tí ó gùn tó 320 mítà ti wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ńlá, pẹ̀lú ọ̀gbìn tí ó tó 30,000. A tò wọ́n ní ọ̀nà tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá ti ń rọ, èkejì tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò máa tú. Àlejò kò sì ní mọ ìgbà tí ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní ìgbà ìwọ́wé, àwọ̀ ewé inú ewé a máa yọ́ lọ, pupa àti ìyeyè a sì hàn síta kí afẹ́fẹ́ tó gbọ̀n wọ́n sílẹ̀. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ní òru ọjọ́ 16 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1987, ìjì ńlá kan jà ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wó nǹkan bí 700 igi ní Kew. Igi kan wà níbẹ̀ tí a gbìn ní 1798, tí a ń pè ní Turner's Oak. Ó ti ń ṣàìsàn fún ọdún púpọ̀. Ìjì náà gbé e sókè tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó sì tún gbé e kalẹ̀ sí ojú ihò rẹ̀. Àwọn olùtọ́jú fi ọ̀pá tì í, wọ́n sì kọjú sí àwọn mìíràn tí ó ṣubú pátápátá. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta tí wọ́n padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n bá a tí ó ń rúwé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà náà ni ó yé wọn pé ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn tí ń wá wo igi náà ni ó ti tẹ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ pa, tí omi àti afẹ́fẹ́ kò fi ráyè dé gbòǹgbò. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ilẹ̀ ìdí àwọn igi àgbà mìíràn.

Àwọn Ilé Gíláàsì

Igi ilẹ̀ olóoru kò lè fara da òtútù ibẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe kọ́ ilé fún wọn, irin ni egungun rẹ̀, gíláàsì ni ara rẹ̀. Èyí tí ó lókìkí jù ni Ilé Ọ̀pẹ, tí a kọ́ láti 1844 di 1848. Decimus Burton àti Richard Turner ni ó ṣe é. Gígùn rẹ̀ tó 110 mítà. Iná tí ń sè omi gbígbóná wà ní abẹ́ ilẹ̀ ilé náà, èéfín rẹ̀ a sì máa gba ojú ihò abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ilé ìṣọ́ kan ní ọ̀nà jíjìn, kí ó má bàa dọ̀tí ba gíláàsì jẹ́. Bí yìnyín tilẹ̀ ń já bọ́ lóde, inú ilé náà a máa móoru, a sì máa rin bí inú igbó wa ní ìgbà òjò.

Nínú ilé náà ni ọ̀gbìn kan wà tí Francis Masson mú wá láti gúúsù Áfíríkà ní 1775. Ó dàbí ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀pẹ. Encephalartos ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé rẹ̀. Inú ìkòkò ni ó wà. Láti ìgbà tí ó ti dé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó yọ èso rẹ̀ tí ó dàbí odidi ọ̀pẹ̀yìnbó, ní 1819. Banks, tí ó ti darúgbó, sì wá wò ó.

Ilé mìíràn, tí a kọ́ ní 1852, jẹ́ ti òṣíbàtà ńlá odò Amazon tí a fi orúkọ Victoria pè. Ewé rẹ̀ lè fẹ̀ ju mítà méjì lọ. Funfun ni òdòdó rẹ̀ ní alẹ́ àkọ́kọ́. Ní alẹ́ kejì ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí ó ti tóbi tó yìí, láti inú hóró ni àwọn olùtọ́jú ti ń gbìn ín lọ́tun lọ́dọọdún. Bí ìgbà òtútù bá dé, ó tán nìyẹn.

Nínú Ilé Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, tí a ṣí ní 1863, ni ìbátan ọ̀gbìn Masson mìíràn wà, tí a ń pè ní Encephalartos woodii. Ìdí kan ṣoṣo rẹ̀ ni a rí nínú igbó kan ní Natal ní 1895. Akọ ni. A ti wá abo rẹ̀ káàkiri láti ìgbà náà, a kò rí i. Gbogbo èyí tí ó wà ní ọgbà káàkiri ayé, ara ìdí kan ṣoṣo yẹn ni a ti yọ wọ́n. Ó wà láàyè, ó ń rúwé, ṣùgbọ́n kò lè bí ọmọ. A fẹ́ kí àwọn òǹkàwé fi ọ̀gbìn yìí sọ́kàn.

Pátákó àti Ewé Gbígbẹ

Gbogbo ọ̀gbìn ní Kew ni ó ní àkọsílẹ̀: orúkọ rẹ̀, ìdílé rẹ̀, ibi tí ó ti wá, àti nọ́ńbà tí ó ń sọ ìgbà tí ó dé. Yàtọ̀ sí àwọn tí ó wà láàyè, ilé kan wà níbẹ̀ tí a ń kó ewé àti òdòdó tí a ti tẹ̀ gbẹ sí, a lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé, a sì kọ orúkọ ẹni tí ó já wọn, ibi tí ó ti já wọn, àti ọjọ́ rẹ̀ sí i. Wọ́n ju mílíọ̀nù 7 lọ. Ewé tí ó wà lórí igi a máa wọ́ dànù ní ọdọọdún, ṣùgbọ́n èyí tí a kọ orúkọ sí ní igba ọdún sẹ́yìn ṣì wà. Agbára ọgbà náà wà níhìn-ín ju ibi ìtànná rẹ̀ lọ.

Láti ibi àkọsílẹ̀ yìí ni ìtàn náà ti kàn wá. Ní ọdún 1857, nígbà tí Dókítà Baikie gun odò Ọya nínú ọkọ̀ Dayspring, ẹni tí ó bá a lọ fún iṣẹ́ ewé àti igi ni Charles Barter, ẹni tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ọgbà ní Kew. Nínú ọkọ̀ kan náà ni Àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther wà. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, ọkọ̀ wọn forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó sì rì. Barter kò padà sílé. Ó ń já ewé, ó ń tẹ̀ wọ́n gbẹ, ó ń fi wọ́n ránṣẹ́, títí ìgbẹ́-ọ̀rìn fi pa á ní Rábà ní 1859. Ọ̀kan nínú ìdílé Encephalartos tí a sọ lókè hù ní apá ilẹ̀ wa, ní agbègbè Jẹ́bà àti Ìlọrin. Barteri ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ títí di òní. Ọkùnrin náà gbé àárín wa fún bí ọdún méjì péré. Orúkọ rẹ̀ kò kú. Ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ àti àwọn àgbẹ̀ tí ó mú un dé ìdí igi, tí wọ́n sọ fún un pé èyí ń pa ibà, èyí ń pa ẹja, pátákó wo ni ó ní orúkọ wọn?

Ẹ tún wo iṣin. Ta ni kò mọ̀ ọ́n láàárín wa? Ọmọdé tí a tọ́ dáadáa mọ̀ pé a kì í ka iṣin tí kò tíì la, nítorí májèlé ni. Ìgbà tí ó bá lanu fúnra rẹ̀ ni a ń jẹ ẹ́. Ní 1778 a gbé igi yìí nínú ọkọ̀ ẹrú láti etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Jàmáíkà. Láti Jàmáíkà ni William Bligh, ọ̀gá ọkọ̀, ti mú un dé Kew ní 1793. Ní 1806 a sì sọ ọ́ ní Blighia. Bligh kò gbìn ín, kò sì rí i ní ilé rẹ̀. Àwọn tí a dè ní ẹ̀wọ̀n nínú ọkọ̀ ni ó mọ bí a ti ń jẹ ẹ́ láìkú, àwọn ni ó sì mú ìmọ̀ náà débẹ̀, tí ó fi di oúnjẹ àwọn ará Jàmáíkà títí di òní. Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan.

Ọgbà Ẹ̀búté-Mẹ́ta

Ní ọdún 1887, ní ìgbà Gómìnà Alfred Moloney, a dá ọgbà kan sílẹ̀ ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Kew, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kì í ṣe fún ìnajú nìkan. A ń hu irúgbìn kòkó, kọfí àti igi mìíràn níbẹ̀ láti pín fún àwọn àgbẹ̀. Henry Millen, ọmọ iṣẹ́ Kew, wà lára àwọn tí ó ṣe olùtọ́jú rẹ̀.

Ìtàn rọ́bà fi hàn pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ojú méjì. Ní 1876 Henry Wickham kó nǹkan bí 70,000 hóró rọ́bà láti ilẹ̀ Bràsíìlì wá sí Kew. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ni ó hù, àwọn náà ni a fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Éṣíà, tí òwò rọ́bà Bràsíìlì fi bàjẹ́ lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó ni igi kò jèrè rẹ̀; ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ tí ó sì mọ bí a ti ń gbìn ín ni ó jèrè. Ṣùgbọ́n àwa náà ṣe ara wa ní ibi. Igi ìrẹ́ tí ń sun rọ́bà wà nínú igbó wa. Nígbà tí a mọ iye owó rẹ̀, gbogbo ènìyàn sá wọ igbó. Ní ọdún 1895 nìkan, rọ́bà tí ó ti Èkó jáde ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ìwọ̀n lọ. A há wọn títí wọ́n fi kú, òwò náà sì rẹ̀yìn láàárín ọdún díẹ̀. Àìmọ̀ iye ohun tí a ní, àti mímọ̀ ọ́n láìtọ́jú rẹ̀, ìparun kan náà ni wọ́n ń bí.

Ohun Tí Ó Kù Fún Wa

A kò sọ èyí láti bú ọgbà Kew. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú igi ayé ì bá ti parẹ́ láìsí ẹni tí ó mọ̀ pé wọ́n ti wà rí. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún igi pẹ̀lú wúlò: ohun tí àwa ń pè ní iṣin, tí àwọn ará Jàmáíkà ń pè ní ackee, orúkọ kan náà nínú ìwé ni ó fi hàn pé igi kan ni. Orúkọ àlejò kò lé orúkọ onílé jáde, àfi bí onílé bá fi ààyè tirẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo.

A kò sì wà láìsí ẹ̀rí. Nínú ìwé ńlá tí Dalziel ṣe ní 1937 lórí àwọn igi tí ó wúlò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, a tẹ àwọn orúkọ Yorùbá púpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti àwọn onímọ̀. Láàárín orúkọ àwọn tí ó já ewé tí ó wà ní Kew, a rí Dawodu ti Èkó. Èyí fi hàn pé ọwọ́ ọmọ Yorùbá náà lè kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ní ọjà wa lónìí, àwọn ìyá elewé-ọmọ àti àwọn lékuléja mọ igi àti ewé ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ, ṣùgbọ́n inú wọn ni ìwé wọn wà. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè ka orúkọ òdòdó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò rí rí, kí ó má sì mọ orúkọ igi tí ó ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Bí àwọn àgbà bá kọjá lọ, orúkọ yóò kù láìsí igi, igi yóò kù láìsí orúkọ. Ìmọ̀ wa yóò sì dàbí akọ ọ̀gbìn nì tí ó dá dúró nínú ilé gíláàsì, tí ó ń rúwé láìní ọmọ.

Nítorí náà a rọ ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ má ṣe dúró de owó tàbí ilé gíláàsì. Ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbin ọ̀gbìn kan, kí ó sì kọ pátákó kan sí ìdí rẹ̀: orúkọ rẹ̀ ní èdè Yorùbá ní òkè, bí a ti ń pè é ní ìlú náà gan-an, ìbáà jẹ́ Èkìtì, ìbáà jẹ́ Ìjẹ̀bú, orúkọ àwọn onímọ̀ ní ìsàlẹ̀, oṣù tí ó ń rúwé, oṣù tí ó ń so, àti lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, orúkọ àgbà tí ó sọ ọ́ fún un, pẹ̀lú ọdún. Ìlà ìkẹyìn yìí ni ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fò. Òun ni ó sọnù nínú ìtàn iṣin, òun náà ni ó sọnù nínú ìtàn Barter. Ó sì wà ní ipá wa láti kọ ọ́ nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ṣì wà láàyè.